Bẹ́ǹṣì Ike tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣe sí Etí Títì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ fún mi lónìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo ṣì wà ní ọ̀dọ́, ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí, àfi ìyàwó mi. Òun náà, ìdajì ni mo sọ fún un.

Ohun tó fà á ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa níbí ní Ṣàgámù gbé bẹ́ǹṣì tuntun wá sí iwájú ọjà. Ike ni wọ́n fi ṣe é! Ike ògbólógbòó tí a ti jù nù. Wọ́n ní kí èmi tí mo jẹ́ àgbà àdúgbò kọ́kọ́ jókòó, kí wọ́n yà mí ní fọ́tò. Gbogbo ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Mo sún mọ́ ọn, mo fọwọ́ kàn án, n kò sì lè jókòó. Mo ní inú ń run mí, mo bá gba ilé lọ.

Inú kò run mí o. Irọ́ ni mo pa fún wọn.

Nígbà tí mò ń sọ yìí, iṣẹ́ wolé-wolé ni mò ń ṣe. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀. Àwa la máa ń wọ ilé onílé, tí a ó ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíji wà níbẹ̀, tí a ó wo gọ́tà, wo ilé ìgbẹ́, wo ẹ̀yìnkùlé. Bí a bá ti yọ lókèèrè nínú kákí wa báyìí, ìgbálẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ilé dé ilé. Ìlú kékeré kan láàrín Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n fi mí sí, ìlú tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé gan-an. N kò ní dárúkọ ìlú náà. Ọmọ ibẹ̀ tó bá ka èyí á mọ ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yìí, Sàlámọ̀tù, òun ló tọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí ìyá wa kú. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà, òun ló sì gbé mi lé ẹ̀yìn. Gàrí ló ń yan. Láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi máa wọ̀, ìdí agbada ló wà, tí èéfín ń mú kí omi dà lójú rẹ̀. Iná yẹn ló rán mi lọ sí ilé ìwé títí mo fi di òṣìṣẹ́ ìjọba.

Àkànní ló ń pè mí. Kò pè mí ní Múfútáù rí láyé rẹ̀. Bó bá sì ń bá mi sọ̀rọ̀, Rẹ́mọ gidi ni, èyí tí ìyá wa ń sọ. (Yorùbá tí gbogbo wa jọ gbọ́ ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí o, kí ó má baà ṣòro fún yín.) Nígbà tí mo wọṣẹ́ tán, àwọn bàbá arúgbó pàápàá a máa kí mi pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wolé-wolé!" Àǹtí Sàlá kọ́! Láti ìdí agbada rẹ̀ ni yóò ti pariwo lé mi lórí lójú gbogbo ayé: "Àkànní! O ti jẹun?" Ojú a tì mí. Inú mi a sì dùn.

Ọkọ rẹ̀, Bàbá Kúdí, ládàánì ni ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn. Òun ló máa ń pe ìrun. Ó tún ń ra obì láti oko, ó ń kó o lọ tà ní Ṣàgámù. Ọkùnrin gíga kan báyìí, aṣọ funfun ló máa ń wọ̀ nígbà gbogbo. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó rò pé ìdọ̀tí gan-an ń bẹ̀rù rẹ̀ ni.

Àìsàn kan wá kọ lù ú, gbogbo ara rẹ̀ wú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Àǹtí Sàlá mú un lọ sí etí títì kí wọ́n lè rí mọ́tò tí yóò gbé wọn dé ọsibítù ní Ṣàgámù. Òjò ti rọ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú, ilẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Mọ́tò ń kọjá, gbogbo wọn ló kún. Kò sí ibi ìjókòó kankan létí títì yẹn. Òkúta kan báyìí, kò sí!

Ọkùnrin náà dúró, ó dúró, ó fara ti ìyàwó rẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi lè gbé e mọ́. Ló bá jókòó sínú ẹrẹ̀, tòun ti aṣọ funfun.

Ṣé ẹ mọ ohun tó wá ṣẹlẹ̀? Ẹnì kan ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá, kò mọ̀ wọ́n rí. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn kan tilẹ̀ ti mutí yó ní kùtùkùtù báyìí. Ládàánì o! Ẹni tí kò fi ẹnu kan ọtí rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i! Àǹtí Sàlá ní ọkọ òun gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì gbójú sókè wo òun.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n dé ọsibítù tó kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé ikú kọ́ ló ń dun òun jù, Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí. Ẹrẹ̀ yẹn ni. Ó ní bí òun bá ti dijú, ẹrẹ̀ yẹn lòun ń rí.

Ó ṣe opó rẹ̀ pé, ó padà sí ìdí gàrí. Ní ọjọ́ kan, abọ́ ike kan jábọ́ sínú iná rẹ̀. Kí ó tó rí nǹkan fi yọ ọ́, ó ti yọ́, ó ti ṣàn sórí iyanrìn ẹ̀gbẹ́ àdìrò. Nígbà tó di ọjọ́ kejì tó fẹ́ gbá ibẹ̀, ó rí i pé ike àti iyanrìn ti lẹ̀ pọ̀, wọ́n ti le bí òkúta. Ó gùn ún lórí, kò sán. Ó fi aṣọ wé e, ó gbé e wá bá mi nílé.

"Àkànní, wo nǹkan yìí. Fọ́ ọ kí n rí i."

Mo mú ọmọ odó, mo là á mọ́ ọn. Mo tún là á mọ́ ọn. Ọwọ́ èmi gan-an ló ń dùn mí! Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín. Mo ti rò pé n kò ní gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ yẹn mọ́ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ rántí pé nígbà yẹn, ike ti ń lé igbá àti garawa onírin kúrò nílé gbogbo wa. Bí korobá bá ya, ọ̀bẹ gbígbóná la máa fi lẹ̀ ẹ́. Bó bá tún ya, a lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí kò bá ṣeé lẹ̀ mọ́, ó di orí ààtàn. Orí ààtàn yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi wá ń lọ o, tòun ti àpò. Korobá, kẹ́ẹ̀gì, abọ́, bàtà rọ́bà, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣà.

Kí ni ẹ rò pé ìlú ń sọ? Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ tó kú ti dà á lórí rú. Ní ọ́fíìsì wa, ẹnì kan bi mí bóyá òótọ́ ni pé mọ̀lẹ́bí wolé-wolé ló ń tú ilẹ̀ ààtàn kiri. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró. Agbada gàrí tó ti lu ló fi ń yọ́ ike yẹn lẹ́yìn ilé, ó fi aṣọ di imú, ó fi irin gígùn ń rò ó bí ẹni ro ọkà, ó ń da iyanrìn odò sí i díẹ̀díẹ̀. Wẹ́dà kan tó mọ ọkọ rẹ̀ bá a fi irin ṣe mọ́ọ̀dù gígùn kan. Inú rẹ̀ ló ń dà á sí, tí yóò fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe sán, iyanrìn pọ̀ jù. Òmíràn tẹ̀ nínú oòrùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, iyanrìn kéré jù. Ó tó oṣù mélòó kan kí pákó kan tó jáde tó tọ́ gbọọrọ. Dúdú ni, àmọ́ ẹ ó rí pupa korobá àti àwọ̀ ewé kẹ́ẹ̀gì tó ń yọ nínú rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó lẹ́wà o! Ó gbé e lé ẹsẹ̀ kọ́ńkéré, ó fi irin gún un láti ìsàlẹ̀ kí wọ́n lè dì mọ́ra.

Ibi tí ọkọ rẹ̀ jókòó sí nínú ẹrẹ̀ gan-an ló fẹ́ gbé e sí. Èmi ni mo ní rárá, pé ibẹ̀ sún mọ́ gọ́tà jù, ó lòdì sí òfin. Mo fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ sẹ́yìn, mo dé abẹ́ igi furúùtù kan, mo ní ibẹ̀ ni kí ó gbé e sí. Ó bi mí bóyá ìjọba kò ní bínú.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ fún un. N kò jẹ́ gbàgbé. Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ má fòyà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ẹ ní èmi ni mo ní kí ẹ gbé e síbẹ̀."

Èmi àti òun la jọ gbé bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́ síbẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní, kò sí ẹni tó fẹ́ jókòó. Ìyá arúgbó kan ní òun kò jókòó o, pé bí oòrùn bá mú, ṣé kò ní yọ́ mọ́ òun nídìí? Ẹ̀rín pa wá! Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ jókòó, ó sì fa ìyá náà mọ́ra. Láàrín oṣù díẹ̀, bẹ́ǹṣì ti di mẹ́rin. Àwọn obìnrin tó ń gbé obì lọ sí Ṣàgámù ń jókòó síbẹ̀, àwọn aláboyún, àwọn tí ń lọ sí ọsibítù. Bàbá kan tilẹ̀ wà tí kò lọ sí ibì kankan, ńṣe ló máa ń wá jókòó ní ọ̀sán kó lè rí ojú ènìyàn. Àwọn dẹ́rẹ́bà fúnra wọn wá sọ ibẹ̀ di ibi tí wọ́n ń dúró. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wèrè mọ́. Àdúrà ni wọ́n ń gbà fún un.

Lẹ́yìn náà ni sójà gbàjọba.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ rántí ìgbà yẹn. Tò sórí ìlà! Má ju ìdọ̀tí! Ní ọjọ́ sáńítéṣọ̀n, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ jáde. Wọ́n tún ń dá òṣìṣẹ́ dúró. A ó kàn dé ọ́fíìsì láàárọ̀ ni, a ó rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹni tó bá rí orúkọ rẹ̀ á palẹ̀ mọ́. Ẹni tí èmi àti ẹ̀ jọ ń lo tábìlì kan, báyìí ló ṣe lọ. Oyún ìyàwó mi ti wọ oṣù keje nígbà náà. Lójoojúmọ́, àyà mi ń já kí n tó dé ìdí ògiri yẹn.

Wọ́n gbé ọ̀gá tuntun wá fún wa láti ibòmíràn. Àṣẹ dé pé gbogbo ohun tí kì í ṣe ìjọba ló gbé e sí etí títì gbọ́dọ̀ kúrò. Ọ̀gá wọ mọ́tò, ó ní kí n tẹ̀ lé òun wo àdúgbò mi. Nígbà tí a dé abẹ́ igi furúùtù, ó bi mí kí ni ìyẹn. Mo ní bẹ́ǹṣì ni, sà. Ó ní kí a kó o lọ́jọ́ sáńítéṣọ̀n tó ń bọ̀.

Mo lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀ o. Mo lè sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ó ń wúlò fún àwọn ènìyàn, kò sì dí gọ́tà." Ńṣe ni mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Ògiri yẹn ni mò ń rò.

Nígbà tó ku ọ̀la, lẹ́yìn tí a ti ṣíwọ́, mo gba ilé ẹ̀gbọ́n mi lọ. Mo ti pinnu pé n ó sọ fún un kí ó lè kó wọn kúrò fúnra rẹ̀. Kí n tó jókòó, ó ti gbé ìkọ́kọrẹ́ síwájú mi. Ó mọ̀ pé n kò lè kọ ìkọ́kọrẹ́ láé. Bí mo ṣe ń jẹun, ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé, ó fi bẹ́ǹṣì karùn-ún hàn mí. Èyí ní ìfẹ̀yìntì, ó tún ní apá méjèèjì tí arúgbó lè gbá mú dìde. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní iwájú ilé ìgbẹ̀bí lòun fẹ́ gbé e sí, ibo ni kí òun ti wọ̀n ọ́n?

Mo ní a ó máa wò ó.

A ó máa wò ó! Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyẹn. Mo jẹun tán, mo kí i, mo lọ sílé.

Ilẹ̀ mọ́, a débẹ̀. Ọ̀gá mi, èmi, àti àwọn lébìrà mẹ́rin pẹ̀lú òòlù ńlá. Lébìrà kìíní gbé òòlù sókè, ó là á mọ́ bẹ́ǹṣì. Òòlù ta padà! Ó tún là á, etí rẹ̀ kan péré ló fò dànù. Àwọn lébìrà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní irú igi wo nìyí. Ẹnì kan ti yọjú lójú fèrèsé, ó ti rán ọmọ gba ẹ̀yìnkùlé lọ pe ẹ̀gbọ́n mi. Kò pẹ́ tó fi dé, lẹ́búlẹ́bú gàrí ṣì wà lápá rẹ̀.

Ọ̀gá bi í bóyá òun ló ni ín. Ó ní òun ni. Ọ̀gá ní ta ló wá fún un láṣẹ láti gbé e síbẹ̀?

Kò wò mí. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ni ọ̀gá bá yíjú sí mi. Ó ní ìwọ tí o ń mójú tó àdúgbò yìí, ṣé o mọ̀ nípa rẹ̀?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹnu tí mo fi jẹ ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀ lánàá ni mo là. Mo ní, "Rárá, sà. N kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Ìgbà yẹn ló tó gbójú sókè. Ó wò mí báyìí. Kì í ṣe ìbínú. Ìbínú ì bá sàn fún mi! Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ojú fèrèsé bóyá ẹnì kan wà nínú ilé. Lẹ́yìn náà ló sọ fún ọ̀gá mi pé, "Òótọ́ ló sọ. Kò mọ̀. Èmi nìkan ni mo dá a ṣe. Kò sí ẹni tó fún mi láṣẹ."

Ó dáàbò bò mí. Mo sọ ọ́ nù, ó sì dáàbò bò mí.

Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ mọ́ ọ̀gá yẹn o, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó tẹ bẹ́ǹṣì náà wò, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ yìí dára, àmọ́ àṣẹ ni àṣẹ. Àwọn lébìrà tún gbé òòlù. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá ní kí wọ́n dúró, pé etí rẹ̀ mú, yóò gé wọn lẹ́sẹ̀. Ó ní irin wà nísàlẹ̀ tí wọ́n máa fà yọ.

Ó kúnlẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ bẹ́ǹṣì, ó fa irin àkọ́kọ́ yọ. Ó fa èkejì. Báyìí ló ṣe tú bẹ́ǹṣì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fúnra rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi wà lórí ìdúró pẹ̀lú ìwé mi lọ́wọ́. Ó bá wọn gbé e sínú típà. Nígbà tó parí, ó gbọn ìró rẹ̀, ó kí ọ̀gá mi. Ó wá yíjú sí mi, ó ní:

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wolé-wolé."

Kì í ṣe Rẹ́mọ ló fi sọ ọ́. Yorùbá tí à ń bá àlejò sọ ni.

Ṣé ẹ mọ̀ pé mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́kàn mi? Mo rò pé ó fi ń bò mí lójú ọ̀gá ni, kí wọ́n má baà mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wá. Òmùgọ̀ ni mí!

Orí ààtàn ni wọ́n kó àwọn pákó náà lọ, wọ́n dáná sun ún. Èéfín dúdú bo gbogbo apá ibẹ̀ títí ọ̀sán.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo lọ sílé rẹ̀. Ó rí mi, ó dìde. Ó mú aṣọ, ó nu àga. "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jókòó." Ó ní kí Kúdí ọmọ rẹ̀ gbé omi wá, nínú tírè. Tírè o, fún èmi! Èmi tí mo máa ń fi ọwọ́ ara mi bu omi nínú àmù rẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní kí ó bú mi, kí ó nà mí, kí ó pè mí ní ọmọ burúkú. Ó ní, "Ẹ dìde, sà. Aṣọ yín á dọ̀tí." Mo ní, "Àǹtí mi, èmi ni, Àkànní ni." Ó ní, "Mo mọ̀ yín."

Mo kó àwọn àgbà ẹbí wá bẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ wọn tán, ó ní kò sí ìjà, òun ti dárí ji àwọn ọ̀gá wolé-wolé tipẹ́. Inú àwọn àgbà dùn. Wọ́n yíjú sí mi pé ṣé o ti gbọ́, ó ti dárí jì ọ́, kí lo tún ń fẹ́? Ta ni mo fẹ́ lọ bá pé ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀wọ̀ fún mi jù?

Kò yọ́ ike mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Bẹ́ǹṣì karùn-ún wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó da igi ìdáná bò ó. Àwọn ènìyàn sì padà sí ìdúró létí títì.

Iṣẹ́ tí mo torí rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ní ọdún kejì, wọ́n lẹ orúkọ tèmi náà mọ́ ògiri! Mo kó bíárò mi, mo lọ sílé. Ọjọ́ kẹta, Kúdí ru àpò gàrí kan wá. Ó ní ìyá òun ní kí ẹ ní sùúrù, Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà mìíràn.

Ó tó ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà kí ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n pè é. Ní ọjọ́ kan ó ṣubú nídìí agbada, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Ṣàgámù. Kúdí ló wá pè mí. Nínú mọ́tò, ọmọ náà ń sunkún, ó wá sọ ohun kan tí n kò mọ̀ rí. Ó ní bí àwọn bá se ìkọ́kọrẹ́ nílé, ìyá òun a máa sọ pé, "Àkànní ì bá wà níbí." Ó ní Àkànní báyìí, Àkànní báyìí, lójoojúmọ́ ni.

Ó ń pè mí! Gbogbo ọdún yẹn, ó ń pè mí lẹ́yìn mi. Ẹ lè mọ bí ìrètí ṣe kún ọkàn mi títí a fi dé ọsibítù. Mo ní lónìí, n ó gbọ́ ọ.

Mo dúró ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó sùn. Mo dúró títí. Nígbà tó la ojú, ó kọ́kọ́ wo Kúdí, ó wá wò mí. Ẹnu rẹ̀ ń mì. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé etí mi sún mọ́ ọn.

Ó ní, "Ẹ má dúró, sà. Ẹ wá àga jókòó."

Ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn. Ó kú ní ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Mo ti rò ó títí. Ká ní mo sọ òótọ́ lọ́jọ́ yẹn, wọn ì bá ṣì kó bẹ́ǹṣì yẹn lọ, torí àṣẹ sójà ni. Ó ṣeé ṣe kí n pàdánù iṣẹ́ mi ní ọdún kan ṣáájú ìgbà tí mo padà pàdánù rẹ̀. Ọdún kan péré! Ohun tí mo fi ẹ̀gbọ́n mi rà nìyẹn. "Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀, sà." Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu wò. Kò pẹ́ láti sọ, àbí?

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé bí ẹ bá ti fi ẹnu yín kan nǹkan, tí ẹ ní kí ẹnì kan lọ ṣe é, ẹ jẹ́ kí ẹnu yẹn náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń bi í léèrè. Kí ẹ má sì rò pé ẹni tó ti dárí jì yín ti padà sọ́dọ̀ yín. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹnì kan wà tí ẹ já kulẹ̀ báyìí rí? Ṣé ó padà bá yín sọ̀rọ̀ bí ó ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀? Kí ni ẹ ṣe tó fi rí bẹ́ẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, n ó kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

Àmọ́ bí ẹni náà bá ṣì wà láyé, ẹ má tíì kọ nǹkan kan sí mi. Ẹ dìde, ẹ kọ́kọ́ lọ bá a.